Ẹni tó fẹ́ ra ilé mi ń dún mọ̀huru mọ̀huru mọ́ mi nítorí ọjọ́

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́, lọ́yà wa. Thamesmead ni mo ń gbé, ibẹ̀ ni mo ti tọ́ àwọn ìbejì mi láti kékeré. Mo ti rí ẹni tí yóò ra ilé mi ní £400,000, èmi náà sì ti rí ilé kan ní Chatham tí mo fẹ́ rà. Ẹni tó ń ta ti Chatham kò tíì ṣetán, ó ní òun ń dúró de ìwé kan. Àmọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó fẹ́ ra tèmi kò jẹ́ n sinmi. Ó ní a gbọ́dọ̀ parí kí oṣù yìí tó tán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun á wá ilé mìíràn. Ẹ́jẹ́ǹtì ń pè mí láàárọ̀, ó ń pè mí lálẹ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo bá òun àti ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi, wọ́n ní kí n ṣáà ti dá ọjọ́ fún àwọn. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń wí gan-an ni mo máa wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó fún ìrántí ọdún kan màmá mi, mo sì ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ṣé kí n kó ẹrù mi sí gáràjì àbúrò mi, kí n gbà fún un? Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ di pé mo pàdánù rẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Thamesmead

Ìdáhùn

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ sì kú ìrántí màmá wa, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára.

Ẹ má kó ẹrù sí gáràjì ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì fi ẹnu dá ọjọ́ kankan fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ni títa ilé máa ń fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales. Àkọ́kọ́ ni exchange: lọ́yà tiyín àti tiẹ̀ á gbé ìwé àdéhùn tí olúkúlùkù ti fọwọ́ sí kalẹ̀, wọ́n á pe ara wọn lórí fóònù, wọ́n á kọ déètì sí i, ẹni tó ń rà á á sì san dípọ́síìtì, ìdá 10 nínú 100 lọ́pọ̀ ìgbà. Èkejì ni completion, ọjọ́ tí owó tó kù wọlé tí kọ́kọ́rọ́ sì jáde. Inú ìwé exchange ni a ti ń kọ ọjọ́ completion sí. Kó tó dìgbà yẹn, ọjọ́ yòówù tí ẹnikẹ́ni bá pè, ohun tó wù ú ló ń sọ.

Òfin tí wọ́n ṣe ní 1989 ló fi ìdí èyí múlẹ̀. Ó ní àdéhùn lórí títa ilẹ̀ tàbí ilé gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀, kí gbogbo ohun tí a jọ fẹnu kò lé lórí wà nínú rẹ̀, kí tọ̀tún-tòsì sì fọwọ́ sí i. Nítorí náà, bí ẹ bá tilẹ̀ sọ lẹ́nu ọ̀nà pé "ó dáa, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n," kò lè fi dè yín. Síbẹ̀, mi ò fẹ́ kí ẹ sọ ọ́. Ọmọ yẹn á lọ fún onílé rẹ̀ ní nótíìsì, á lọ sanwó ọkọ̀ akẹ́rù. Bí ọjọ́ bá wá yẹ̀, ojú òpùrọ́ ni yóò fi máa wò yín, ìdúnàádúrà tó ṣẹ́ kù á sì korò.

Òun náà kò sí lábẹ́ ìdè kankan. Ó lè yí padà lọ́la láìsan kọ́bọ̀ fún yín, mi ò ní tàn yín. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ti ná: owó sọ̀fíọ̀, owó ìwádìí lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, owó lọ́yà. Bó bá lọ, wọ́n gbé nìyẹn, yóò sì tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀ lórí ilé mìíràn, èyí tí yóò gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ní dandan oṣù yìí ni òun gbọ́dọ̀ kó wọlé, ibo ni yóò ti rí ilé mìíràn tí yóò parí nínú oṣù yìí? Bí ìhàlẹ̀ rẹ̀ bá tún ń gbé yín lọ́kàn sókè lóru, ẹ rántí èyí.

Nínú iṣẹ́ yìí, mi ò tíì rí ẹni tó kàn ń fi ìkánjú ṣeré. Ohun kan ń lé e, òun ló yẹ kí ẹ wádìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, fóònù ọ́fíìsì wa kò sinmi, nítorí pé láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin, ẹni tó ń ra ilé fún ìgbà àkọ́kọ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ stamp duty, owó orí tí ẹni tó ra ilé ń san fún ìjọba, títí dé £425,000 mọ́, £300,000 ni wọ́n dá a padà sí. Lórí ilé £400,000 bíi tiyín, ẹni tí kò ní san nǹkan kan lọ́jọ́ kan wá jẹ £5,000 lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá ń pariwo nígbà yẹn, a mọ ohun tó ń ké sí. Lónìí, ó lè jẹ́ pé ìwé mortgage rẹ̀, ìyẹn ìwé tí báńkì fi gbà láti yá a lówó ilé, ló fẹ́ kú. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà ló sábà máa ń ní. Ìyẹn ní àtúnṣe: ẹni tó ń bá a wá mortgage lè bẹ báńkì kó sún un síwájú, àwọn báńkì kan sì máa ń gbà. Ó lè jẹ́ pé nótíìsì tó fún onílé rẹ̀ ló ti fẹ́ pé. Ìyẹn náà ní àtúnṣe, ó lè bẹ onílé rẹ̀ pé kó jẹ́ kí òun ṣì dúró fúngbà díẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé oyún wà nínú ìyàwó rẹ̀, tí ara wọn ò lélẹ̀. Ẹ ní kí lọ́yà yín kọ̀wé sí lọ́yà tirẹ̀, kó béèrè tààràtà: kí ló ń lé yín, ọjọ́ wo sì ni ó gbẹ̀yìn tí ẹ lè fara dà?

Ọ̀rọ̀ tiyín tún ní okùn nínú, ohun tí wọ́n ń pè ní chain. Òun ń ra tiyín, ẹ̀yin ń ra ti Chatham, ẹni Chatham náà lè máa ra ti ẹlòmíràn. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ohun tí mo máa ń bá oníbàárà mi jà lé lórí nìyí: ẹ má ṣe exchange lórí èyí tí ẹ ń tà àfi bí ẹ bá ń ṣe exchange lórí èyí tí ẹ ń rà lọ́jọ́ kan náà, kí ọjọ́ completion àwọn méjèèjì sì bá ara wọn mu. Bí ẹ bá ṣe tọ̀hún láìṣe tìhín, ẹ ti ta òrùlé orí yín, ẹnikẹ́ni kò sì tíì ṣèlérí òmíràn fún yín. Gáràjì àbúrò yín gba bẹ́ẹ̀dì, ṣé ó gba àwọn ìbejì?

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbé síwájú rẹ̀ ni èyí: exchange ní kíá tí ìwé Chatham bá ti dé, kí ọjọ́ completion wà níwájú díẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù ni pé kí ẹ má lọ tà á fún ẹlòmíràn. Exchange ló ń wo ẹ̀rù yẹn sàn, torí pé lẹ́yìn rẹ̀ ẹ ò lè yẹ̀ mọ́, òun náà ò lè yẹ̀. Mo ti rí ẹni tó ń fi iná jó lọ́yà wa lọ́sẹ̀ kan, tó wá dákẹ́ wẹ́lo lọ́jọ́ tí exchange wáyé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ku oṣù kan ààbọ̀ kó tó rí kọ́kọ́rọ́ gbà. Bó bá sì ṣì ń fẹ́ kí ẹ tètè jáde ju bí ó ti rọ̀ yín lọ́rùn lọ, kó gbé owó ilé tí ẹ máa háyà àti owó ìtọ́jú ẹrù kalẹ̀, kí lọ́yà kọ ọ́ sínú àdéhùn. Ẹni tó fẹ́ ìrọ̀rùn ló yẹ kó sanwó ìrọ̀rùn.

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ó lè bẹ̀ yín pé kí ẹ jẹ́ kí òun máa kun ilé kí completion tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà. Oníbàárà mi kan ní Abbey Wood ṣàánú tọkọtaya kan báyìí láìsọ fún mi. Nígbà tó fi máa pè mí, mo lọ wò ó fúnra mi: síǹkì kìṣìnì wà nílẹ̀ nínú ọgbà, páìpù tí wọ́n fi ọ̀rá dì ń kán tó, tó, tó sínú korobá, báńkì tọkọtaya náà sì ti fa owó rẹ̀ sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó rà á mọ́, kò sì sí ilé tó ṣe é fi han ẹlòmíràn. Bí wọ́n bá fẹ́ wọn fèrèsé fún kọ́tìnì, kí wọ́n bá ẹ́jẹ́ǹtì wá fún ìdajì wákàtí, kí wọ́n sì bá a padà.

Ìdí tí mo fi ń ní kí ẹ fara balẹ̀ kó tó di exchange ni bí nǹkan ṣe ń le lẹ́yìn rẹ̀. Nínú Standard Conditions of Sale, ìlànà àdéhùn títa ilé tí ọ̀pọ̀ lọ́yà ń lò, bí ẹ bá pẹ́, èlé á máa gùn lójoojúmọ́. Ká sọ pé ìdá 8 nínú 100 lọ́dún ni iye tí àdéhùn yín dá. Lórí £400,000, ó ju £87 lọ fún ọjọ́ kan. Lẹ́yìn náà, ó lè fún yín ní ìwé ìkìlọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá. Bí ìyẹn bá kọjá tí ẹ ò kó jáde, ó lè fọ́ àdéhùn náà, kó gba dípọ́síìtì rẹ̀ padà tèlé-tèlé, kó sì tún pè yín lẹ́jọ́ fún àdánù rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló kùnà, ẹ̀yin lẹ ní dípọ́síìtì. Ọjọ́ tí ẹ bá fọwọ́ sí, ẹ rí i dájú pé ẹ lè bá a.

Ẹ má gba ọjọ́ Ẹtì. Gbogbo ayé ló fẹ́ràn rẹ̀, òun gan-an sì ni mo ń sá fún. Lábẹ́ àdéhùn yẹn, owó tó bá wọlé lẹ́yìn aago 2 ọ̀sán, bí ẹni pé ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e ló dé ni. Bí báńkì bá fà á di aago 2 kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́jọ́ Ẹtì, di Mọ́ńdè nìyẹn. Mo mọ bí ọ̀sán bẹ́ẹ̀ ṣe rí: ọkọ̀ akẹ́rù dúró níwájú ilé, awakọ̀ ń wo aago, ẹran àti ẹja inú fírísà ń yọ́ sínú páálí, kọ́kọ́rọ́ ilé tuntun sì wà nínú àpò-ìwé lórí tábìlì ẹ́jẹ́ǹtì tí kò lè fà á lé yín lọ́wọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tàbí Ọjọ́rú dára jù.

Lórí ìrìn-àjò yín, ẹ lè fọwọ́ sí ìwé ìyípadà orúkọ, TR1, kí ẹ tó wọ bàálù, kí àgbàlagbà kan tí ọ̀rọ̀ ilé náà kò kàn ṣe ẹlẹ́rìí, kí lọ́yà sì tọ́jú rẹ̀ láìkọ déètì sí i. Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ilé gbọ́dọ̀ ṣófo lọ́jọ́ completion, ẹ̀yin kọ́ lẹ sì máa wà ńbẹ̀ láti kó o. Bí wọ́n bá tún wá nílò ìwé kan tí ẹ máa fọwọ́ sí, Ìjẹ̀bú-Igbó jìnnà sí Thamesmead. Èrò tèmi ni pé kí ẹ lọ ṣe ìrántí màmá yín pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀, kí completion jẹ́ ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí ẹ bá dé. Ẹ sọ ọjọ́ ìrìn-àjò náà fún lọ́yà yín lónìí, kó má jẹ́ pé nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe exchange ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Ẹ́jẹ́ǹtì yẹn, ẹ̀yin lẹ ń sanwó fún un. Lọ́jọ́ completion ló sì ń rí owó rẹ̀ gbà, ìdí nìyẹn tí fóònù rẹ̀ kò fi dákẹ́. Ẹ fún un ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ óò máa bá a sọ̀rọ̀, kí ẹ sì rán an níṣẹ́ gidi: kó pe ẹ́jẹ́ǹtì Chatham, kó bi í ohun tó dé. Tọkọtaya yẹn ńkọ́, bí wọ́n bá tún kan ilẹ̀kùn? Ẹ kí wọn dáadáa, ẹ fún wọn lómi mu bí ẹ bá fẹ́, kí ẹ sì sọ pé: "Mo fẹ́ ta ilé yìí fún yín, mi ò yí padà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ wà lọ́wọ́ àwọn lọ́yà, n kò ní fẹ́ sọ ohun tí màá kó jẹ." Ẹ má fi ọjọ́ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp.

Ó ku ohun tí ẹ sọ kọjá wéré nínú lẹ́tà yín: ìwé wo gan-an ni ẹni Chatham ń dúró dè? Ibẹ̀ ni ìdádúró wà, kì í ṣe ọ̀dọ̀ yín. Bó bá jẹ́ ilé leasehold ni, ìyẹn ilé tí a rà fún iye ọdún kan tí ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn, ó lè jẹ́ ìwé àwọn alábòójútó ilé ni, èyí tí ẹni tó ń tà gbọ́dọ̀ sanwó fún kí wọ́n tó gbé e jáde. Mo ti rí ibi tí gbogbo okùn dúró fún oṣù kan torí pé ẹnì kan kò tíì san án. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ni ilé ti kú, tí wọ́n ń dúró de probate, ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ láti bójú tó ogún rẹ̀, kò sí ẹni tó lè parí títà náà kí ìyẹn tó jáde, ó sì yẹ kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn gbọ́ báyìí kó lè pinnu. Ní àárọ̀ ọ̀la, kí ìpè fóònù yín àkọ́kọ́ jẹ́ sí lọ́yà yín, kó béèrè orúkọ ìwé náà, ẹni tó yẹ kó mú un wá, àti bóyá wọ́n ti sanwó rẹ̀.