Kí Ni Adebayor Fi Ṣẹ Àwọn Alátìlẹ́yìn Arsenal Tó Bẹ́ẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí Kanu ti wà ní Arsenal ni mo ti ń ṣe alátìlẹ́yìn ẹgbẹ́ náà, n kò sì yẹ̀ títí di òní. Nílé ìwòran bọ́ọ̀lù àdúgbò wa, wọ́n máa ń fi àwọn góòlù àtijọ́ hàn wá kí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Láìpẹ́ yìí, bí ojú Emmanuel Adebayor ṣe yọ báyìí ni gbogbo ilé hó yèè, tí ẹlòmíràn tilẹ̀ ń ṣépè. Àbúrò mi, tí kì í ṣe ti Arsenal, bi mí pé ṣé kò tíì sú wa ni, nítorí pé ọkùnrin náà ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Yorùbá bíi tiwa sì ni. N kò rí èsì gidi fún un. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó fi ṣẹ̀ wá gan-an? Kanu lọ, Thierry Henry lọ, a kò bínú sí wọn. Ṣé ó sì tọ́ kí á máa bá ìbínú náà lọ? — Alátìlẹ́yìn Arsenal, Òṣogbo.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìdúróṣinṣin ti ẹgbẹ́ yín, ẹ sì kú àfaradà pẹ̀lú. Kí á tó dá ẹjọ́ yìí, ó yẹ kí á tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ohun tí a ti ṣàkíyèsí nínú ìkùnsínú àwọn alátìlẹ́yìn bọ́ọ̀lù ni pé àárín ìtàn ni ìrántí wọn ti máa ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí ẹlòmíràn ti ṣẹ̀ wọ́n gan-an, tí ohun tí àwọn fúnra wọn ti ṣe ṣáájú kò sì ní sí níbẹ̀ rárá.

Ìlú Lomé ni wọ́n bí Adebayor sí ní ọdún 1984. Yorùbá láti Nàìjíríà ni àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n Togo ni ó gbá bọ́ọ̀lù fún. Oṣù Kìíní ọdún 2006 ni ó ti Monaco dé Arsenal, kò sì pẹ́ tí àwọn tó ń ṣépè fún un lónìí fi ń kọrin orúkọ rẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2007, Arsenal lọ bá Tottenham nílé wọn, wọ́n fi ayò 3 sí 1 nà wọ́n, Adebayor ló sì gbá 2 nínú rẹ̀. Èyí tó fi kádìí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà ni ẹni tó wò ó kò lè gbàgbé: ó kẹ̀yìn sí ilé góòlù, ó fi ẹsẹ̀ gbé bọ́ọ̀lù náà sókè, ó yí padà, ó sì rán an sínú àwọ̀n kí ó tó balẹ̀. Góòlù 24 ni ó gbá nínú líìgì ní sáà yẹn, òun náà sì ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù lọ ní Áfíríkà fún ọdún 2008.

Àárín ọdún 2008 yẹn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Ìròyìn gbòde pé Milan àti Barcelona ń fẹ́ ẹ, òun náà kò sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ wọn. Nígbẹ̀yìn, ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tuntun ní Arsenal, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ alátìlẹ́yìn ti gbà pé ara rẹ̀ nìkan ló kù lọ́dọ̀ wọn. Góòlù 10 ni ó gbá nínú líìgì ní sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n sì ti ń hó lé e lórí nígbà tí jẹ́sì wọn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2009, Arsenal tà á fún Manchester City ní nǹkan bíi mílíọ̀nù pọ́n-ùn 25. Ẹ fi ọkàn sí ibẹ̀ o: Arsenal ló tà á, owó gọbọi ni wọ́n sì gbà lé e lórí. Kò sá lọ lóru.

Ní ti Kanu àti Henry tí ẹ mẹ́nu bà, ìyàtọ̀ wọn kò fara sin. Kanu tó gbá góòlù 3 sáwọ̀n Chelsea ní oṣù Kẹwàá ọdún 1999, nígbà tí Chelsea ti fi 2 ṣíwájú tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ sì ń lọ sópin, kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè kankan mọ́. Nígbà tí àdéhùn rẹ̀ sì parí ní ọdún 2004, West Bromwich ni ó lọ, ẹgbẹ́ tí kò lè gba ife-ẹ̀yẹ lọ́wọ́ Arsenal. Henry kọjá sí Barcelona ní ọdún 2007, ó fi líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ pátápátá, wọ́n sì gbẹ́ ère rẹ̀ sí iwájú Emirates, pápá Arsenal, ní ọdún 2011. Manchester City yàtọ̀ sí méjèèjì. Owó àwọn ará Abu Dhabi ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sápò wọn nígbà náà ni, ipò tí Arsenal wà lórí tábìlì líìgì ni wọ́n sì ń lé. Ẹni tó lọ sọ́dọ̀ wọn ń lọ ran ẹni tó fẹ́ gba ìjókòó yín lọ́wọ́ ni. A rò pé ìdí àkọ́kọ́ nìyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń bínú kì í sábà sọ ọ́.

Ìdí kejì ni gbogbo ayé mọ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2009, Arsenal gbéra lọ sí Manchester. Nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà, Adebayor fi bàtà ha Robin van Persie, agbábọ́ọ̀lù Arsenal, lójú nígbà tí ìyẹn wà nílẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 80, ó fi orí kan bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, ṣùgbọ́n dípò kí ó yà sọ́dọ̀ àwọn alátìlẹ́yìn City, ó sáré láti ìpẹ̀kun pápá kan dé ìpẹ̀kun kejì, ó fi orúnkún wọ́ lórí koríko, ó sì na apá rẹ̀ méjèèjì síwájú àwọn ará Arsenal. Ohun tí ọwọ́ wọn bá tẹ̀ ni wọ́n ń jù sí i, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ń dì wọ́n mú. City borí pẹ̀lú ayò 4 sí 2. Àjọ FA, tó ń darí bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi òfin dè é fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 3 nítorí van Persie. Ní ti eré tó sá yẹn, ó san owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn 25, wọ́n sì tún kìlọ̀ fún un pé yóò pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 2 sí i bí ó bá tún dán irú rẹ̀ wò.

Ohun tí a máa ń fò dá nínú ìtàn náà ni pé kí góòlù yẹn tó wọlé, àwọn kan láàárín àwọn tó wá láti London ti ń kọ orin kan tó pe ìyá Adebayor ní aṣẹ́wó, tó sì ní iṣẹ́ wíwẹ̀ fún erin ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Nígbà tí òun fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó ṣàlàyé pé iṣẹ́ ṣíṣẹ́ owó ni bàbá òun ṣe, pé oníṣòwò sì ni ìyá òun, tó ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí èkejì lọ kó ọjà kí ilé lè rí jẹ. Ẹnikẹ́ni nínú wa tó bá mọ ojú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ sí Kútọnu sí Lomé mọ irú àwọn ìyá bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ẹrù lórí àti ọmọ lẹ́yìn. Kò sí ọmọ Yorùbá tí ẹ óò pe ìyá rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀pọ̀ èèyàn tí yóò rẹ́rìn-ín sí i. A kò sọ pé ó tọ́ kí ó sá eré náà, òun pàápàá tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ sọ ìtàn eré náà gbọ́dọ̀ sọ ti orin náà mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì bi wá, ọ̀rọ̀ bàtà tó ha van Persie lójú ló yẹ kí ó dun yín jù, òun gan-an sì ni ẹnikẹ́ni kì í fi bẹ́ẹ̀ mẹ́nu bà.

Bóyá ohun tó mú kí wọ́n má mẹ́nu bà á ni pé van Persie fúnra rẹ̀ di ẹni ìbínú lẹ́yìn náà. Ní oṣù Keje ọdún 2012, ó kọ ìwé síta pé òun kò ní tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun, nígbà tó sì di oṣù Kẹjọ, ó ti wà ní Manchester United. Góòlù 26 ni ó gbá nínú líìgì ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀ níbẹ̀, United sì gba ife. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin ọdún 2013, àwọn agbábọ́ọ̀lù Arsenal ní láti tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní Emirates kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún àwọn ará United bí wọ́n ṣe ń wọlé, balógun wọn àná sì wà láàárín wọn. Ó tún gbá pẹ́nárítì sáwọ̀n lọ́jọ́ náà, ayò 1 sí 1. Ẹni tí Adebayor ha lójú ló wá mú ohun tí Adebayor kò lè mú lọ́wọ́ yín lọ.

Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀san ni àwọn ẹlẹgbẹ́ yín ń wá, wọ́n ti rí i gbà. Adebayor lọ sí Tottenham ní ọdún 2011, èyí tó dá kún ìbínú náà lóòótọ́. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá ọdún 2012, ó gbá góòlù sáwọ̀n Arsenal ní Emirates ní ìṣẹ́jú 10. Kí ó tó di ìṣẹ́jú 20, rẹfirí ti fún un ní káàdì pupa, Arsenal sì fi ayò 5 sí 2 dá sẹ̀ríà fún wọn. A gbọ́ pé ẹ̀rín pọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Kí ẹ sì tún rántí pé kò pé oṣù 4 lẹ́yìn eré tó sá ní Manchester tí àwọn oníbọn fi kọlu ọkọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù Togo ní Cabinda, lórílẹ̀-èdè Àǹgólà, tí ẹ̀mí sì ṣòfò. Inú ọkọ̀ yẹn ni Adebayor wà.

Èsì wa fún àbúrò yín nìyí: híhó lé agbábọ́ọ̀lù tó wá bá yín pẹ̀lú jẹ́sì ẹlòmíràn jẹ́ ara eré, a kò sì ní bá ẹnikẹ́ni wí lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí àgbàlagbà jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n, kí ó máa ṣépè fún ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, nítorí góòlù ọdún 2009, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi èpè sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ ìwádìí. Ọkọ mi jẹ́ ti Tottenham, kì í sì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Sol Campbell nínú ilé wa. Mo máa ń sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ṣé mo jẹ̀bi? — Ìyá Ìbejì, Peckham, London.

ÌDÁHÙN: Ẹ má bínú, ìyàwó ilé wa, ọkọ yín ní ẹjọ́ tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ti àwọn ará Arsenal lọ. Láti kékeré ni Campbell ti wà ní Tottenham, ibẹ̀ ni ó ti di balógun ẹgbẹ́. Lábẹ́ ìdájọ́ tí ilé-ẹjọ́ Yúróòpù dá fún Bosman, agbábọ́ọ̀lù ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, ní ọdún 1995, agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ bá ti parí lè lọ síbi tó bá wù ú láìjẹ́ pé ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ gba kọ́bọ̀. Campbell jẹ́ kí tirẹ̀ parí, nígbà tó sì di oṣù Keje ọdún 2001, ó jáde síwájú àwọn oníròyìn gẹ́gẹ́ bí ọmọ Arsenal, ọ̀tá Tottenham láti ìran dé ìran. Tottenham pàdánù rẹ̀, wọ́n pàdánù owó, ọ̀tá wọn ló sì jèrè. Nígbà tí ó padà dé White Hart Lane, pápá Tottenham nígbà náà, ní oṣù Kọkànlá, Júdásì ni wọ́n ń pè é. Ó gba líìgì pẹ̀lú Arsenal ní ọdún 2002, ó tún gbà á ní 2004, inú pápá Tottenham gan-an ni wọ́n sì ti mú ti 2004 náà dájú.

Ibi tí a ti fi ọkọ yín sílẹ̀ ni ibi tí àwọn kan bá ọ̀rọ̀ náà dé. Ní ọdún 2008, nígbà tí Campbell ti wà ní Portsmouth, èébú tí àwọn kan nínú àwọn ará Tottenham bú u burú débi pé ọlọ́pàá wá wọn rí, tí wọ́n sì fojú ba ilé-ẹjọ́. Bí bàbá àwọn ìbejì bá kàn ń pa ìkanra nílé nígbà tí orúkọ náà bá wáyé, ẹ jẹ́ kí ó máa pa á.

ÌBÉÈRÈ: Kí ló dé tí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan kì í yọ̀ bí wọ́n bá gbá góòlù sáwọ̀n ẹgbẹ́ wọn àtijọ́? Ṣé ó ń dín ìbínú kù, àbí ojú ayé lásán ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ó sinmi lórí ohun tí agbábọ́ọ̀lù náà ti kó jọ sọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kí ó tó lọ. Gabriel Batistuta lo sáà 9 ní Fiorentina, ó sì bá wọn lọ sí ìpele kejì nígbà tí wọ́n já wálẹ̀. Nígbà tí ó gbá góòlù sáwọ̀n wọn fún Roma ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000, omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rò pé ẹ̀tàn ni. Ti Denis Law tilẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Manchester United ló jọ̀wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1973, ó lọ sí City, nígbà tó sì di ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1974, ó fi gìgísẹ̀ ti bọ́ọ̀lù sáwọ̀n United ní Old Trafford, pápá United, ní ọjọ́ tí United já kúrò nínú líìgì àgbà. Kò yọ̀, ó sì kúrò lórí pápá lẹ́yìn góòlù náà. Èsì àwọn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mìíràn lọ́jọ́ yẹn ìbá já United wálẹ̀ bí kò tilẹ̀ gbá a, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ló ń sọ ọ́ di òní pé Law ló já wọn. Ṣùgbọ́n ère rẹ̀ wà ní Old Trafford. Àìyọ̀ nìkan kọ́ ló gbé e débẹ̀. Góòlù 237 tó ti gbá fún United kí ó tó kúrò ló gbé e débẹ̀, agbábọ́ọ̀lù tí kò bá sì ní irú rẹ̀ nílẹ̀ lè dá ọwọ́ rẹ̀ dúró bó ti wù ú, wọn yóò hó lé e.