Apá inú orúnkún ń ro mí, bàtà mi sì ń jẹ lápá ìta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin ni mo ti ń ta èlùbọ́, mo sì ti lé lẹ́ni ọdún 55. Láti kékeré ni ẹsẹ̀ mi ti tẹ̀ díẹ̀ bí ọrun. Ní báyìí, orúnkún òsì ń dùn mí lápá inú, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ìta ni bàtà mi ti máa ń jẹ. Wọ́n ní bàtà ló ń bà á jẹ́, kí n lọ ra èyí tó ní tìmùtìmù. Ṣé òótọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrora, Mà. Bàtà yín kò jẹ̀bi. Bí orúnkún ṣe dúró ló ń darí ibi tí àtẹ́lẹsẹ̀ máa fi agbára tẹ̀, ibẹ̀ náà ni bàtà sì máa ń jẹ.

Nígbàkígbà tí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ kan láti rìn, èkejì nìkan ló gbé gbogbo ara dúró. Àárín ara ni ìwúwo yẹn ti ń bọ̀, apá inú orúnkún ló sì ń gbà kọjá. Kódà lára ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gún régé, apá inú ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù. Tí orúnkún bá wá yọ síta bíi tiyín, ẹrù apá inú á tún lé sí i, kèrékèré tó wà láàárín eegun níbẹ̀ á sì máa tín-ín-rín. Ojúgun tó tẹ̀ yẹn kan náà ló ń mú kí etí ìta àtẹ́lẹsẹ̀ máa kanlẹ̀. Lára ẹni tó ní kẹ́lẹ́ẹ̀gì, òdìkejì rẹ̀ ló sábà máa ń rí.

Síbẹ̀, ẹ má fi bàtà nìkan ṣèdájọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi igun ìta gìgísẹ̀ kọ́kọ́ kanlẹ̀, kí ibẹ̀ jẹ díẹ̀ kì í ṣe àléébù. Ọrùn ẹsẹ̀ ẹlòmíràn sì máa ń yẹ̀ wọnú kí àtẹ́lẹsẹ̀ lè bá ilẹ̀ dọ́gba. Bàtà irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè máa jẹ lápá inú, orúnkún sì tẹ̀ síbẹ̀. Tí ẹ bá ṣe àlùwàlá tán, ẹ fi ẹsẹ̀ tútù tẹ símẹ́ńtì gbígbẹ. Ó yẹ kí ẹ rí gìgísẹ̀, ọ̀nà tóóró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìta, lẹ́yìn náà iwájú ẹsẹ̀ àti àwọn ìka. Tí àárín ti òsì bá kún pátá, tí ti ọ̀tún kò sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ fún ẹni tó máa tọ́jú yín.

Tìmùtìmù lè mú kí ẹsẹ̀ rọ̀ yín lọ́rùn, àmọ́ kò lè mú kí orúnkún tó tẹ̀ gún. Ọ̀pá ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, ọwọ́ ọ̀tún ni kí ẹ sì fi mú un, kí òun àti ẹsẹ̀ òsì jọ máa kanlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń mú un sọ́wọ́ ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn wọ́n, ìyẹn kì í gbé ẹrù kúrò bó ṣe yẹ. Ẹ tún máa jókòó sórí àga, kí ẹ na orúnkún gbọọrọ, kí ẹ ka ení dé àrún kí ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìgbà mẹ́wàá lójúmọ́ láti fi bẹ̀rẹ̀. Iṣan itan tó le ló ń gba orúnkún lọ́wọ́ ìyà. Tí ẹ bá sanra, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà ní 2005 fi hàn pé kílò kan tí èèyàn bá fi fúyẹ́ ń gbé nǹkan bíi kílò mẹ́rin kúrò lórí orúnkún ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí ìforíkanlẹ̀ bá ti ń nira, ẹ jókòó sórí àga kírun.

Tí orúnkún bá wú, tó gbóná, tàbí tí ẹsẹ̀ túbọ̀ ń tẹ̀, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin. Tí wọ́n bá fẹ́ ya àwòrán eegun (X-ray), ẹ béèrè pé kí wọ́n yà á lórí ìdúró, torí ìgbà tí ara bá wà lórí ẹsẹ̀ ni àyè tó ti dínkù nínú orúnkún máa ń hàn dáadáa.