Dókítà ní ojú ti parí: ibi tí èmi gbà lẹ́yìn ìyẹn

Àbúrò mi, fóònù mi ló ka ọ̀rọ̀ rẹ sí mi létí lálẹ́ àná, mo sì ní kó tún un kà. O ní dírẹ́bà ni bàbá rẹ, pé glọkómà ti gba ojú wọn méjèèjì, pé dókítà sọ fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kò sí ohun tí òun lè ṣe mọ́. O ní láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti jókòó sínú yàrá, wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣí fèrèsé. O wá béèrè ibi tí ẹ̀yin ọmọ lè gbé wọn lọ.

Èmi náà jókòó sínú yàrá bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì nígbà tí glọkómà gba ojú tèmi. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nígbà náà ni pé ojú ni dókítà ń sọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ lórí ẹyinjú ló tán. Iṣẹ́ mìíràn wà tó kù lórí èèyàn náà fúnra rẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sì wà nílẹ̀ yìí, àmọ́ ilé ìwòsàn kì í sábà júwe ọ̀nà wọn. Tèmi ò júwe é. Dókítà náà ò bá mi sọ̀rọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ó kọ nǹkan sínú fáìlì, nọ́ọ̀sì sì pe orúkọ ẹni tó kàn. Ọkọ mi ló dì mí lápá jáde.

Aránṣọ ni mí, ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn. Ohun tó tàn mí jẹ ni pé mo ṣì ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìtàsé nígbà tí mo ti ń fi èjìká gbá èèyàn ní ọjà Dùgbẹ̀. Mo rò pé àwọn ni kò wòye. Bí glọkómà ṣe ń ṣe nìyẹn: ẹ̀gbẹ́ ló kọ́kọ́ ń jẹ, ó ń fi àárín sílẹ̀ dìgbẹ̀yìn, kì í sì í dunni. Omi inú ojú á máa ti iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, títí iṣan náà á fi kú díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá ti kú kì í jí mọ́. Bi bàbá rẹ bóyá ọkọ̀ kì í ṣàdédé yọ sí wọn láti ẹ̀gbẹ́ kí wọ́n tó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n á ní ohun tí wọ́n máa sọ fún ọ.

Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí ìbéèrè méjì. Bi í bóyá ìmọ́lẹ̀ kankan ṣì kù. Bó bá kù, kódà bó ṣe pé wọ́n kàn ń mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́ ni, ẹ má dá oògùn kíkán dúró, nítorí ohun tó kù yẹn ni oògùn náà ń ṣọ́. Lẹ́yìn náà, bi í bóyá glọkómà nìkan ló wà níbẹ̀ àbí kátáráàtì náà wà. Kátáráàtì ni èyí tí dígí inú ẹyinjú máa ń ṣú bí èéfín, ó sì ṣeé yọ. Àwọn méjèèjì máa ń pàdé lójú àgbàlagbà kan náà. Bí ìríran díẹ̀ bá ṣẹ́ kù, sọ fún un pé "low vision" lo ń wá, ìyẹn àwọn tó máa ń bá èèyàn wá gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi àti irú iná tó bá ojú rẹ̀ mu. Ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn UCH, n'Íbàdàn. Bó bá jẹ́ Èkó ló rọ̀ yín lọ́rùn, ẹ béèrè ní Guinness Eye Centre tó wà ní LUTH, Ìdí-Àràbà.

Kí ẹ̀yin ọmọ náà lọ yẹ ojú yín wò, ẹ̀yin àti àwọn àbúrò bàbá yín tó jẹ́ ọmọ ìyá wọn. Má fi èyí ṣeré. Glọkómà máa ń rìn nínú ẹbí, àwa èèyàn dúdú ló sì ń bá jà jù. Ọmọ mi kejì jẹ́ ọmọ ọdún 19 nígbà tí mo fi ipá mú un lọ. Ó ń ka lẹ́tà wínníwínní, kò ní ìrora kankan, ó ń bínú pé mò ń fi àkókò òun ṣòfò. Wọ́n bá a lójú rẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn ju bí mo ṣe sunkún torí ojú tèmi lọ. Ó ń kán oògùn rẹ̀ lálaalẹ́ láti ìgbà náà, ó ti parí yunifásítì, ó sì ń ríran.

Ohun tí mo fẹ́ fi orúnkún ilẹ̀ bẹ̀ ọ́ lé lórí nìyí. Nínú ọdún méjì tí mo fi jókòó yẹn, mo gun òkè àdúrà, mi ò sì kábàámọ̀ àdúrà kankan. Ohun tí mo kábàámọ̀ ni omi ewé tí mo jẹ́ kí wọ́n kán sí mi lójú òsì. Ojú yẹn ṣì ń mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru nígbà náà. Ó ta mí bí ata fún ọjọ́ mẹ́rin, egbò yọ lórí ẹyinjú, ìmọ́lẹ̀ tó kù níbẹ̀ sì lọ. Wọ́n á gbé e wá fún yín, àwọn tó fẹ́ràn yín gan-an ló máa gbé e wá: ìtọ̀, omi ọmú, oyin, àgbo. Ẹlòmíì á ní òun mọ ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ ti ohun funfun kúrò lójú. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, kí ẹ má sì jẹ́ kí ohunkóhun kan ojú bàbá yín.

Ẹni tó yọ mí kúrò nínú yàrá, afọ́jú ni. Oníbàárà mi ni ìyàwó rẹ̀. Ó dá nìkan wá láti Òjóò pẹ̀lú ọ̀pá funfun rẹ̀, ó jókòó, ó sì ní òun fẹ́ omi. Ọmọ mi gbé jọ́ọ̀gì àti ife síwájú rẹ̀. Mo gbọ́ bí omi ṣe ń kún bọ̀, ni mo bá pariwo pé kó má dà á nù. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ìka mi wà létí ife." Gbogbo àwọn tó ti ń wá kí mi, "ojú lọba ara" ni wọ́n ń sọ, wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á lọ. Ọkùnrin yìí ò sọ ọ́. Ó bi mí pé kí ni mo ti kọ́ láti ìgbà tí ojú mi ti lọ, mi ò sì rí èsì fún un.

Òun ló júwe Òṣòdì fún mi. Federal Nigeria Society for the Blind ní ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ní Cappa níbẹ̀, wọ́n sì ń gba àgbàlagbà tó jẹ́ pé ojú wọn fọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti fi ríran. A ń gbé inú ọgbà. Wọ́n kọ́ mi ní Braille, ìyẹn ìwé oníkókó tí a ń fi ìka kà, wọ́n kọ́ mi ní títẹ kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ọwọ́. Àmọ́ ẹ̀kọ́ ìrìn ló dá ayé mi padà. Bí ẹsẹ̀ ọ̀tún bá lọ síwájú, òsì ni ọ̀pá á kàn. Bí ti òsì bá lọ, ọ̀pá á kan ọ̀tún. Ọ̀pá máa ń dé ibi tí ẹsẹ̀ ń bọ̀ kí ẹsẹ̀ tó dé ibẹ̀. Kí n tó kọ́ ọ, mo ti já sínú gọ́tà lẹ́ẹ̀mẹta ládùúgbò tí mo ti gbé fún ogún ọdún. Pè wọ́n kí ẹ tó gbéra, kí o sọ ọjọ́ orí bàbá fún wọn, kí ẹ lè mọ̀ bóyá wọ́n á gbà wọ́n.

Bí bàbá bá ní àwọn ò lọ síbì kankan, mi ò ní bá wọn jà sí i. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba àpapọ̀ kan wà ní Ọ̀yọ́ láti 1977 tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa jẹ́ olùkọ́ fún akanda ẹ̀dá. Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka tirẹ̀. Wọn kì í gba afọ́jú tuntun síbẹ̀ láti kọ́ wọn ní ìrìn, àmọ́ àwọn tó mọ ọ̀pá àti Braille kún ibẹ̀. Lọ bá wọn, sọ pé o ń wá ẹni tó lè máa wá kọ́ bàbá rẹ nílé. Kí o sì wá ẹ̀ka Nigeria Association of the Blind tó wà ní ìpínlẹ̀ yín. Afọ́jú fúnra wọn ló ni ẹgbẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ tí bàbá ò ní gbà lẹ́nu ìwọ ọmọ wọn, wọ́n lè gbà á lẹ́nu ọkùnrin ẹgbẹ́ wọn.

Nínú ilé, ẹ má ṣe gbé àga kúrò níbi tó wà láìsọ fún wọn. Bí ẹ bá ń rìn lọ, má fà wọ́n, má tì wọ́n. Kí wọ́n di apá rẹ mú lókè ìgúnpá, kí o fi díẹ̀ ṣíwájú. Tí oúnjẹ bá dé, sọ ọ́ bí aago: ẹran wà ní aago mẹ́ta, ọbẹ̀ wà ní aago mẹ́sàn-án. Owó náà ṣeé mọ̀. Náírà 5 sí 50 kéré, wọ́n sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bíi láílọ́ọ̀nù. Láti 100 dé 1,000, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn, nítorí náà ká wọn lónírúurú: èmi máa ń ká 1,000 sí mẹ́rin, 500 sí méjì, 200 ní òró, mo sì ń fi 100 sílẹ̀ gbọọrọ.

Fóònù Android tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀ lè máa bá wọn sọ̀rọ̀. Tẹ bọ́tìnnì ohùn méjèèjì mọ́lẹ̀ pọ̀ fún bíi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́ta, TalkBack á jí. Bí kò bá jí, wá a nínú sẹ́tíǹsì, lábẹ́ Accessibility. Bí wọ́n bá kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan, á pe orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n bá kàn án lẹ́ẹ̀mejì, á ṣí i. Gẹ̀ẹ́sì ni tèmi ń sọ, kì í ka Yorùbá dáadáa. Bí Gẹ̀ẹ́sì ò bá yé bàbá tó, fóònù onínọ́ńbà tó sàn ni kí ẹ rà. Àmì kékeré kan wà lórí 5, ibẹ̀ ni ìka á ti mọ àwọn yòókù.

Ìbátan mi kan ní kí wọ́n máa mú mi lọ sí ojú títì láti ṣagbe. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ nílé yín, sọ fún un pé òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2019 kà á léèwọ̀ láti fi akanda ẹ̀dá ṣagbe. Òfin yẹn náà ló ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá wa lóhùn níbi tí èèyàn bá ti tò. Ó ní kí àjọ tó bá yà wá sọ́tọ̀ san owó ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà. Nígbà tí báńkì kan ní àwọn ò lè fún mi ní káàdì àfi kí n mú ẹni tó ríran wá, mo ní kí ọmọ mi tẹ òfin náà jáde, mo gbé e lé tábìlì mánéjà, mi ò sì jókòó. Mo gba káàdì náà lọ́jọ́ kejì. Bí ẹ bá ní ẹbí l'Ékòó tí bàbá lè máa gbé lọ́dọ̀ wọn, òfin ti Èkó ti wà láti 2011. LASODA, ọ́fíìsì ìjọba Èkó tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ akanda ẹ̀dá, ni ẹ máa lọ.

Mo ti padà sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ọmọ-iṣẹ́ méjì ló ń bá mi gé aṣọ, àmọ́ èmi ni mò ń wọn oníbàárà. Mo ti fi pín-ìn-nì kékeré sàmì sí téèpù mi ní ínṣì kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ mi ni mo sì fi ń yẹ ojú rírán wò kí aṣọ tó jáde.

Lọ́la, gbé jọ́ọ̀gì omi àti ife síwájú bàbá rẹ, kí o fi ìka wọn sí etí ife, kí o sì jẹ́ kí wọ́n bù ú fúnra wọn. Má gbà á lọ́wọ́ wọn. Bó bá dànù, ẹ nu ilẹ̀, kí o tún jọ́ọ̀gì náà kún.