Ṣé oògùn oorun lemọ́lemọ́ ò ní ba ọpọlọ ọmọ mi jẹ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o dókítà. Ọmọ mi ò tíì pé ọdún 2, jẹjẹrẹ ojú ni wọ́n ló ń ṣe é, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń fún un lóògùn oorun kí wọ́n tó yẹ ojú ẹ̀ wò. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ló kàn báyìí, ẹ̀rù ń bà mí.

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ mọ́mì. Ẹ̀rù yẹn kì í ṣe lásán, torí ní 2016 FDA, àjọ tó ń rí sí oúnjẹ àti oògùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé tí ọmọ tí ò tíì pé ọdún 3 bá ń gba oògùn oorun léraléra, tàbí tí ẹyọ kan bá ju wákàtí 3 lọ, ó lè ṣàkóbá fún ọpọlọ ẹ̀. Ó LÈ ni wọ́n sọ o. Àyẹ̀wò ojú kì í sábà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọmọ yín ò sì lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ kí wọ́n tẹ ojú ẹ̀ síbí síyẹn kí wọ́n tún fi iná lésà jó kókó jẹjẹrẹ náà, bẹ́ẹ̀ jẹjẹrẹ yìí tí wọ́n bá fi í sílẹ̀, iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ ló máa gbà wọ ọpọlọ. Ẹ má fo ọjọ́ kankan jàre.

Èmi tó jẹ́ pé iṣẹ́ oorun yìí ni mò ń ṣe, oúnjẹ inú ọmọ ló ń bà mí lẹ́rù jù, torí tó bá bì lójú oorun ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Oúnjẹ àti mílíìkì alágolo, wákàtí 6 ṣáájú, ọmú wákàtí 4, omi lásán wákàtí 2, àyàfi tí ọsibítù yín bá sọ nǹkan míì. Tí ìyá àgbà bá ti yọ́ bísíkíìtì fún un, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ, a ò ní bínú, a kàn máa sún un síwájú ni. Ikọ́, kàtá, ibà náà, ẹ sọ ọ́, torí ọ̀nà ọ̀fun ọmọ tó ní kàtá lè há pa lójijì.

Tó bá jẹ́ kímò, ìyẹn oògùn tó ń pa jẹjẹrẹ, tí wọ́n ń gba inú iṣan ẹ̀jẹ̀ itan fi ránṣẹ́ sójú ni, ìyẹn yàtọ̀ o. Ẹ̀dọ̀fóró lè ṣàdédé le, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, pàápàá láti ẹlẹ́ẹ̀kejì lọ, àwa náà mọ̀ ọ́n, adrenaline, oògùn tó ń gbé ìfúnpá padà sókè, ti máa ń wà nílẹ̀ dè é.

Tó bá wá jí tó ń ké, tó ń ta, tó dà bíi pé kò mọ̀ yín, oògùn oorun ló ṣì wà lára ẹ̀, kì í ṣe pé ọpọlọ ẹ̀ bà jẹ́, ẹ kàn gbé e mọ́ra, kì í sábà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ.