Ọ̀pá ìpẹja mélòó? Mo ra mẹ́sàn-án kí n tó mọ̀ pé méjì tó mi

Bọ̀dá tó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí Kent ní England, òun fẹ́ máa pẹja lọ́jọ́ Sátidé, tí ẹni tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù wá sọ fún pé ó kéré tán kó ra ọ̀pá márùn-ún, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná, ẹ má tíì yọ káàdì yín. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mẹ́sàn-án ni mo rà láàárín ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo fi ń pẹja nílùú yìí, méjì péré ni mò ń gbé jáde báyìí, ọ̀kan wà nílé fún àlejò. Owó tó bá àwọn tó kù lọ, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, ìyàwó mi mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fóònù mi.

Ẹ̀pẹ́ ni mo ti dàgbà, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nílé, àwọn tó ń fi ẹja pípa jẹun, àwọ̀n àti ìgèrè ni tiwọn, àwa ọmọdé la máa ń di ọ̀pá mú. Ọparun kan, okùn náílọ̀n, ìwọ̀ kan, ká lọ wa ekòló nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn lọ, ó parí. Kò sẹ́ni tó ní ọparun méjì, tó bá ṣẹ́ a á lọ gé òmíràn. Epìyà la sábà máa ń mú, tó bá jẹ́ òbòkún a máa ń rọra yọ ọ́ torí ẹ̀gún ẹ̀, ẹni tó bá ti gún rí ò ní gbàgbé. Torí náà mo ti rò pé mo mọ ẹja pa, ìyẹn gan-an ló kó bá mi, mo gbà pé ohun tí àwọn òyìnbó kàn fi jù wá lọ ni irinṣẹ́, kí n sáà ti ní irinṣẹ́ wọn.

Èyí tí mo kọ́kọ́ rà níbí, irú èyí tó máa ń ká wọnú ara ẹ̀ bí eríà rédíò ni, ogún pọ́n-ùn, tòun ti ríìlì, ìyẹn ohun tí wọ́n ń ká okùn mọ́, àti okùn lórí ẹ̀. Kò burú rárá. Mo fi mú ẹja perch àti roach kéékèèké létí canal, ìyẹn odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́, ọkàn mi balẹ̀, èmi àti ekòló mi. Àfi ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo YouTube lóru. Ẹ ti rí àwọn tó ń pa carp, ẹja ńlá inú adágún yẹn, àbí, wọ́n á to ọ̀pá mẹ́ta sórí irin, gbogbo ẹ̀ á rí bákan náà bí aṣọ ẹbí, ẹ̀rọ kékeré kan á wà lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó máa ń han gooro tí ẹja bá fa okùn, àwọn fúnra wọn á wá na ẹsẹ̀ sórí àga, wọ́n á máa mu tíì. Ó wọ̀ mí lójú. Mo ra mẹ́ta, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn, £210 ló gbà lọ́wọ́ mi, ẹ̀rọ tó ń han ò sí nínú ẹ̀ o.

Ohun tí mi ò fọkàn sí ni pé líìsẹ́ǹsì tó wà lọ́wọ́ mi, ọ̀pá méjì ló wà fún. Ní England àti Wales, ẹni tó bá ti pé ọmọ ọdún 13 tó fẹ́ fi ọ̀pá pẹja nínú odò tàbí adágún tàbí canal gbọ́dọ̀ ní líìsẹ́ǹsì, èyí tó wà fún ọ̀pá méjì yàtọ̀ sí ti mẹ́ta, tí wọ́n bá sì bá èèyàn níbẹ̀ láìní, fáìnì ẹ̀ lè tó £2,500. (Ọmọ mi ọkùnrin ti pé 14, ọ̀fẹ́ ni tiẹ̀, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ àwọn tí ò tíì pé 17, àmọ́ ó ṣì gbọ́dọ̀ lọ gbà á.) Èmi to mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kalẹ̀ bí àwọn ti YouTube. Ọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì dé, ó kí mi dáadáa, ó ní kí n fi líìsẹ́ǹsì han òun. Ó wo fóònù mi, ó wo ọ̀pá, ó tún fi ìka kà á, ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Òtútù ń mú lọ́jọ́ náà ṣùgbọ́n òógùn bò mí. Ohun tó yọ mí ni pé mi ò tíì ju ẹ̀kẹta sómi, ìwọ̀ ò tiẹ̀ tíì sí lẹ́nu ẹ̀. Ó ní kí n ká a padà sínú àpò, ó lọ. Mi ò lè gbé tíì tí mo gbé dání mì mọ́.

Èyí tó wá dùn mí jù, ọjọ́ míì ni, ìwé mi pé lọ́jọ́ náà, mi ò rú òfin kankan. Oṣù Karùn-ún ni, ní adágún kan níbí ní Kent, mo to méjì péré. Okùn èyí tó wà lápá òsì lọ lọ́ mọ́ ẹ̀ka igi, mo jókòó tì í, mò ń tú u, mo fi eyín gé e, mo fẹ́ ta kókó míì, ẹ mọ bí náílọ̀n ṣe máa ń yọ̀ lọ́wọ́ tí òtútù bá ti mú ìka. Mo kàn gbọ́ tí nǹkan ń ha lórí koríko, ṣàà. Kí n tó gbórí sókè, ọ̀pá ọ̀tún ti kúrò lórí irin ẹ̀, ó ń wọ́ lọ bí ejò, orí ẹ̀ ti wọ omi. Mo fò lé e, koríko tútù ni mo gbá mú. Ìdí ẹ̀ tó jẹ́ kọ́ọ̀kì léfòó fún ìgbà díẹ̀, ó yí bìrí lẹ́ẹ̀kan, ó rì. Mo yá ọ̀pá lọ́wọ́ bàbá òyìnbó kan, mo so irin tó ní ìwọ̀ mẹ́ta mọ́ ọn, mo fi ń ha ìsàlẹ̀ omi náà títí ilẹ̀ fi ṣú, ewéko ni mo ń fà jáde. Bàbá yẹn ló ṣàlàyé fún mi pé mo ti fún ríìlì pa jù, pé ohun kan wà níwájú ẹ̀ tí wọ́n máa ń yí, tí mo bá ti dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ okùn ni carp ì bá máa fà, kò ní fa ọ̀pá. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ọ̀pá méjì wà nílẹ̀, ojú mi ò kúrò lára ọ̀kan. Mo ta méjì tó kù ní £80, ẹni tó rà á tiẹ̀ ń bi mí pé ìkẹta wọn dà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí ọgbọ́n ti wọlé. Ẹ wo ara ọ̀pá tó bá wà lọ́wọ́ yín, lókè díẹ̀ síbi tẹ́ ẹ ń dì mú, wọ́n kọ nọ́ńbà síbẹ̀, bíi 10-30g. Èmi rò pé nọ́ńbà ilé iṣẹ́ tó ṣe é ni. Ìwúwo tí ọ̀pá yẹn lè jù ni o. Mo gbé ọ̀pá ogún pọ́n-ùn yẹn lọ sí afárá Southend, èyí tó gùn ju kìlómítà méjì lọ wọnú omi, tí reluwé kékeré kan ń gbé èèyàn lọ sí ìparí ẹ̀. Omi ń fà níbẹ̀ gan-an, òjé kékeré tí mo ń jù kò balẹ̀ rárá, ṣe ló ń gbé e lọ fi lọ́ mọ́ okùn àwọn ẹlòmíì, wọ́n ti ń wò mí lójú burúkú. Ọmọ Poland kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ṣàánú mi, ó fún mi ní òjé 4oz, ìyẹn bíi gírámù 113. Mo so ó mọ́ ọ̀pá gírámù 30. Mo gbé e sẹ́yìn, mo fi gbogbo agbára jù ú. Kàù! Ó dún bí ìgbà tí wọ́n fọ́ àgbọn. Òjé lọ, ìwọ̀ lọ, ìlàjì ọ̀pá tẹ̀ lé wọn, èyí tó kù lọ́wọ́ mi ò gùn ju orógùn àmàlà lọ. Ọmọ Poland yẹn wo nọ́ńbà ara ẹ̀, ó wò mí, ó mi orí, kò sọ nǹkan kan.

Torí náà ẹ má fi iye ẹja ka ọ̀pá, ìwúwo ni kẹ́ ẹ fi kà á. Nǹkan fúyẹ́ kan wà tẹ́ ẹ máa jù, nǹkan wúwo kan wà tẹ́ ẹ máa jù, ọ̀pá kan ò lè ṣe méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ọ̀kan ò fi tó. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rí ìdí tí ẹni tó bá ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fi máa ní ju méjì lọ. Èyí tó fúyẹ́ lọ́wọ́ mi báyìí gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́sàn-án, òun ni mo fi ń mú perch, òun náà ni mo fi ń mú mackerel létí òkun lásìkò ooru, irin pẹlẹbẹ kan tó ń dán, gírámù 28, mo jù ú, mo fà á, ó tán. Ẹ mọ mackerel, òun lẹ̀ ń rà ní Titus nílé. Ẹ ò tíì jẹ Titus o, tẹ́ ò bá tíì jẹ èyí tó jáde nínú omi ní wákàtí méjì sẹ́yìn, ata àti iyọ̀ lásán ló fẹ́. Èyí tó wúwo gùn ní ẹsẹ̀ méjìlá, ó lè ju 4 sí 6oz, òun ni mò ń gbé lọ sí Southend àti Dungeness, etí òkun kan ní Kent níbí, nígbà òtútù.

Àwọn tó kù nínú mẹ́sàn-án yẹn, mi ò ní fi gùn yín. Ọ̀kan jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń ju eṣinṣin àtọwọ́dá, fìlà orí mi lẹja kan ṣoṣo tí mo fi mú. Ọ̀kan gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn mọ́tò ló gé orí ẹ̀, èmi náà ni mo ti ilẹ̀kùn. Ọ̀kan sì jẹ́ ìbejì ọ̀pá òkun mi, mo rà á torí wọ́n já owó ẹ̀ wálẹ̀, ọdún méjì gbáko ló fi dúró sẹ́yìn wọ́dúróòbù tí ò rí omi.

Bọ̀dá, ìbéèrè tí mo fẹ́ bi yín nìyí: ṣé ẹ fẹ́ jẹ ẹ́ ni, àbí ẹ fẹ́ yà á ní fọ́tò? Torí ẹ má fi ọkàn ọbẹ̀ lọ sí adágún níbí o. Carp tẹ́ ẹ rí yẹn, ẹni tó ni omi ló ni ín, ẹ máa mú un, ẹ máa yà á, ẹ máa dá a padà, mo ti rí ẹni tó fẹnu ko ó lẹ́nu kó tó dá a padà. Inú odò, àwọn wẹ́wẹ́ tí ò ju sẹ̀ńtímítà 20 lọ, wọ́n gbà kéèyàn mú 15 lóòjọ́, ẹ tún ní láti gba àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni etí odò, kí ló fẹ́ ṣe fún ọbẹ̀? Odò sì ń tì, láti 15 oṣù Kẹta títí di 15 oṣù Kẹfà, ẹ ò gbọdọ̀ pa ẹja odò níbẹ̀. Inú òkun ni ẹja jíjẹ wà, ẹ ò nílò líìsẹ́ǹsì fún ọ̀pá níbẹ̀, àfi kẹ́ ẹ wọn ẹja kẹ́ ẹ tó gbé e lọ, ẹja bass tí ò bá tó sẹ̀ńtímítà 42, ó ń padà sómi nìyẹn. Tó bá jẹ́ jíjẹ, ọ̀pá wúwo ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, kí ẹ fi èyí tó fúyẹ́ sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ fún ìgbádùn lásán lẹ́yìn iṣẹ́, ẹ ra èyí tó fúyẹ́, ẹ lọ sétí canal.

Owó tẹ́ ẹ bá fi dín ọ̀pá kù, ẹ gbé e lé ríìlì. Ọ̀pá àtijọ́ lè ṣiṣẹ́ dáadáa, ríìlì burúkú máa bà yín lọ́jọ́ jẹ́. Tẹ́ ẹ bá ti òkun dé, ẹ fi omi ẹ̀rọ ṣan án kẹ́ ẹ tó jẹun, mo ti sọ méjì di ìpẹtà nítorí ọ̀lẹ. Àti waya iná tó bá kọjá lókè, ẹ jìnnà sí i, carbon tí wọ́n fi ṣe ọ̀pá ìsinsìnyí máa ń gbé iná, ẹsẹ̀ bàtà méjìlá sì lè kan ohun tẹ́ ò rò.

Mo mọ ẹni tó ní mọ́kànlá o, ó sì ń lo gbogbo ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdíje ló ń lọ, gbogbo ọ̀sẹ̀ ló wà létí omi, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ní kẹ́ ẹ ra márùn-ún yẹn, ẹ bi í bóyá òun náà máa ń lọ pẹja.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa béèrè, orógùn Southend yẹn ṣì wà. Ẹ̀yìnkùlé ló wà, mo rì í mọ́lẹ̀, tòmátì ìyàwó mi ló fara tì í, 10-30g ṣì hàn lára ẹ̀ ketekete.