Ọta Òjé, Ìbọn Àtijọ́ àti Ìwé Ìlànà Méjì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Texas jogún ìbọn ọdẹ àtijọ́ kan tó ń yin irú ọta tí wọ́n ń pè ní .30-30. Ó ń yọ́ òjé láti fi ṣe ọta rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n iye ẹ̀tù tó wà nínú ìwé ìlànà méjì tó ní kò bára mu. Èwo ni kó tẹ̀lé? Ṣé èmi náà lè máa ṣe é níbí? (Olùkàwé kan, Kubwa, Abuja)

ÌDÁHÙN: Kò sí irọ́ nínú ìwé méjèèjì. Ìbọn tí wọ́n fi dán ẹ̀tù wò, bí orí ọta ṣe rí, àti bí wọ́n ṣe tì í wọnú ìkarahun idẹ jìn tó, gbogbo rẹ̀ ló ń yí agbára ẹ̀tù padà. Ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa irú ọta òjé tí ẹ̀gbọ́n yín ń dà gan-an, àti irú ẹ̀tù tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an, ni kí ó tẹ̀lé, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n tó kéré jù níbẹ̀. Kí ó má ṣe pa ìwé méjì pọ̀ láti wá àárín wọn.

Ìwọ̀n tí a kọ fún ọta tí a fi bàbà bò kì í ṣe ti òjé. Òjé rọ̀, bí ó bá sáré jù, yóò máa há mọ́ inú ọ̀pá ìbọn. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pò ó mọ́ antimony, èròjà kan tó ń mú òjé le, àti tánńganran, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Jos. Síbẹ̀, líle nìkan kò tó: ọta gbọ́dọ̀ fi nǹkan bí ìdá kan tàbí méjì nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì tóbi ju inú ọ̀pá lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iná ẹ̀tù yóò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Bí ìbọn náà bá jẹ́ èyí tí ọta ń tò tẹ̀lé ara wọn nínú túùbù, kí orí ọta tẹ́ pẹrẹsẹ, torí pé orí ṣóńṣó lè tẹ ìdí èyí tó wà níwájú, níbi tí ohun tó ń tan ẹ̀tù wà, kí ó sì dún.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ẹ̀tù ọta òjé kì í sábà kún ìkarahun, nítorí náà ènìyàn lè dà á lẹ́ẹ̀mejì láìmọ̀, èyí tó lè fọ́ ìbọn mọ́ ọn lójú. Kí ó máa tan tọ́ọ̀ṣì wo inú ìkarahun kọ̀ọ̀kan kí ó tó ti ọta bọ̀ ọ́.

Kí omi má kan òjé yíyọ́, nítorí yóò ta sókè. Kí ó má ṣe é nínú ilé ìdáná, kí ó sì fọ ọwọ́ kí ó tó jẹun. Eruku òjé ni ó pa ọ̀pọ̀ ọmọ ní Zamfara ní ọdún 2010, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wúrà ni wọ́n ń wá níbẹ̀.

Ní ti ẹ̀yin fúnra yín, ẹ má dán an wò. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni máa ṣe ọta ìbọn nínú ilé rẹ̀ ní Nàìjíríà.