Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà àti owó iléeṣẹ́ mínísítà: ta la ó bi, kí la ó sì bi í?

Ẹ kú iṣẹ́, ará wa láti Ìjerò. Ẹ ní ẹ gbọ́ bí mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti Gánà ṣe máa ń dúró níwájú àwọn aṣòfin wọn láti dáhùn ìbéèrè lórí ìwé ìrìnnà àti lórí owó tí iléeṣẹ́ rẹ̀ ń ná, ẹ sì fẹ́ kí aṣojú yín ní Àbújá bi mínísítà tiwa ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nítorí ìwé ìrìnnà ọmọ yín tí ẹ ti sanwó rẹ̀ tí kò tíì jáde. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo ti ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ìjọba kan ní Adó-Èkìtì títí mo fi fẹ̀yìntì, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi la sì máa ń kọ ìdáhùn tí kọmíṣọ́nnà yóò gbé lọ síwájú àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ wa. Inú iṣẹ́ yẹn ni mo ti kọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Ní Gánà, abẹ́ iléeṣẹ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni ìwé ìrìnnà wà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Íńdíà àti ní Ireland. Lọ́dọ̀ tiwa, àjọ ìmígíréṣọ̀n ló ń ṣe é, abẹ́ mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ni àjọ náà sì wà. Bí aṣojú yín bá kọ ọ́ sí mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ìdáhùn ìlà kan ni yóò rí gbà, pé ọ̀rọ̀ náà kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ yìí, òótọ́ pọ́ńbélé ni yóò sì jẹ́. Kò sí ohun tó ń dùn mọ́ òṣìṣẹ́ ọba nínú bí ìbéèrè tó ṣìnà wọ ọ́fíìsì rẹ̀. Nígbà kan tí aṣòfin kan bi wá léèrè nípa ọ̀nà tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀, ìlà méjì la kọ, a sì tètè relé lọ́jọ́ náà. Ohun tó jẹ́ ti mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ni àwọn iléeṣẹ́ aṣojú wa lókè òkun: ilé tí wọ́n ń gbé, owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ wọn, àtúnṣe, ọkọ̀, àti òǹtẹ̀ tí wọ́n ń lù sórí ìwé-ẹ̀rí àwọn tó ń lọ kàwé níta. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ gbọ̀ngàn tí àwọn ará wa ti ń tò ní London lẹ fẹ́ béèrè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kí ẹ lọ. Bí ó bá jẹ́ ìwé ìrìnnà fúnra rẹ̀, iye rẹ̀, ìtẹ̀jáde rẹ̀ àti ìdí tó fi ń pẹ́, ẹ kọjú sí mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé.

Ẹ má sì retí ọjọ́ ìbéèrè bíi ti Gánà. Ìwé òfin wọn ti 1992 ní kí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn mínísítà wá láti àárín àwọn aṣòfin, nítorí náà inú ilé kan náà ni ẹni tó ń béèrè àti ẹni tó ń dáhùn jọ ń jókòó. Lábẹ́ ìwé òfin tiwa ti 1999, aṣòfin tó bá di mínísítà gbọ́dọ̀ fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí abala 147 ṣe wí. Ilé lè pe mínísítà wá ṣàlàyé iṣẹ́ iléeṣẹ́ rẹ̀, abala 67 fàyè gba èyí, abala 88 àti 89 sì fún wọn lágbára láti ṣèwádìí, láti béèrè fún ìwé, àti láti fi tipá mú ẹni tó bá kọ̀ láti wá. Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ni agbára yìí ti máa ń jà. Aṣojú kan náà ló ń ṣojú Ìjerò, Èkìtì Ìwọ̀-Oòrùn àti Ẹ̀fọ̀n. Ẹ kọ̀wé sí i, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí alága ìgbìmọ̀ ilé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé. Àkókò tó dára jù ni ìgbà tí àwọn iléeṣẹ́ bá ń gbèjà bọ́jẹ́ẹ̀tì wọn, nítorí pé ìgbà yẹn nìkan ni mínísítà nílò ohun kan lọ́wọ́ ìgbìmọ̀.

Bí a ṣe gbé ìbéèrè kalẹ̀ ló wá kù, ibẹ̀ gan-an ni gbogbo iṣẹ́ wà. Ọdún kan wà tí aṣòfin kan bi iléeṣẹ́ wa pé èló la yà sọ́tọ̀ fún ìrìn àjò àti àtúnṣe ọkọ̀. Mo tẹ ìdáhùn náà ní òpó mẹ́ta: iye tó wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, iye tí wọ́n tú sílẹ̀ fún wa, àti iye tí a ná. Ìwé tí a ń kọ ìnáwó sí wà ní ṣíṣí lórí tábìlì mi, àwọn iye mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì jọra rárá. Akọ̀wé àgbà wọlé, ó ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, ó mú bírò pupa, ó sì fa ìlà kan láti òkè délẹ̀ gba àárín òpó kejì, ó fa òmíràn gba òpó kẹta. Kò bínú. Ó kàn bi mí pé, “Bàbá, ṣé wọ́n bi wá ní èyí?” Mo tún un tẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kọmíṣọ́nnà kà á síta, aṣòfin náà dúpẹ́, wọ́n bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò sí irọ́ kan nínú ìwé yẹn, kò sì sí ẹni tó jáde níbẹ̀ tó mọ iye tí a ná. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti gbọ́ tí mínísítà kan, ìbáà jẹ́ ti Àbújá tàbí ti Accra, ní “a ya iye báyìí sọ́tọ̀”, èmi a máa wo ẹnu aṣòfin bóyá yóò béèrè òpó kejì àti ìkẹta.

Nítorí náà, ẹ má kọ ọ́ pé “kí ló dé tí ìwé ìrìnnà fi ń pẹ́?” Àlàyé ojú ìwé mẹ́ta nípa ẹ̀rọ tuntun àti akitiyan ìjọba ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń bí. Ẹ kọ ọ́ báyìí: láti oṣù kìíní títí dé oṣù kejìlá ọdún 2025, ìbéèrè fún ìwé ìrìnnà mélòó ni wọ́n gba owó lé lórí ní ọ́fíìsì Adó-Èkìtì, mélòó ni wọ́n fi lé olówó lọ́wọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mélòó ló kọjá oṣù mẹ́ta, èló ni gbogbo owó tó wọlé níbẹ̀, àpò wo ló sì wọ̀? Ẹ ya “láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta” àti “ó kọjá oṣù mẹ́ta” sọ́tọ̀, nítorí pé bí wọ́n bá rí àyè fi ìpíndọ́gba dáhùn, ọmọ yín tó ti dúró títí yóò sọnù sáàárín àwọn tí tiwọn tètè jáde. Ẹ sì ṣọ́ra fún iye tó jẹ́ ti ọjọ́ kan ṣoṣo. Nígbà tí Olubunmi Tunji-Ojo di mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ó bá ìwé ìrìnnà tó lé ní 200,000 nílẹ̀ tí wọn kò tíì ṣe, wọ́n sì ṣe wọ́n tán láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, èmi kò ní bu iyì rẹ̀ kù. Àmọ́ èmi ìbá tún béèrè iye tó tún ti kó jọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Lórí owó, àkọsílẹ̀ ti wà fún yín. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìwé ìrìnnà olójú-ewé 32 ti ọdún 5 kúrò ní ₦35,000, ó di ₦50,000. Èyí tó jẹ́ olójú-ewé 64 ti ọdún 10 kúrò ní ₦70,000, ó di ₦100,000. Nígbà tó fi pé ọdún kan géérégé, wọ́n sọ wọ́n di ₦100,000 àti ₦200,000. Lọ́dún 2025 yẹn náà ni wọ́n kó ìtẹ̀jáde rẹ̀ jọ sí ojúkò kan ní Àbújá. (Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jágbe mọ́ àwọn ọ̀dọ́ tó wà ní ọ́fíìsì Adó mọ́, wọn kì í ṣe ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́.) Ohun tí mo fẹ́ kí aṣojú yín béèrè ni èló nínú àfikún náà ló lọ sórí ojúkò yẹn, àti èló ló lọ síbòmíràn. Ní Gánà, wọ́n gbé iye tiwọn láti cedi 100 sí 500 ní ọdún 2024, wọ́n sì dá a padà sí 350 ní ọdún 2025.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà lọ́dọ̀ àwọn ará Gánà yẹn tí mo rò pé ó ju ọ̀rọ̀ iye owó lọ. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, mínísítà wọn, Samuel Okudzeto Ablakwa, ti iléeṣẹ́ aṣojú wọn ní Washington pa fúngbà díẹ̀. Wọ́n ti rí i pé òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ ti so ojú òpó iléeṣẹ́ náà mọ́ iléeṣẹ́ tirẹ̀, tí àwọn tó wá gba físà àti ìwé ìrìnnà ń san àfikún owó níbẹ̀ láìmọ̀. Bí aṣòfin bá bi iléeṣẹ́ náà pé èló ló wọlé, ìdáhùn tó péye ni yóò gbọ́, nítorí pé owó yẹn kò fìgbà kankan wọ inú ìwé ìṣirò wọn. Ẹni tó sanwó nìkan ló mọ̀. Nítorí náà, ẹ fi gbogbo owó tí ẹ ti san kún ìwé yín, títí kan èyí tí ẹnikẹ́ni gbà láìfún yín ní rìsíìtì.

Bí aṣojú yín bá fi ìwé yín sábẹ́ tábìlì, òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 wà, èyí tó fún ẹnikẹ́ni láyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba. Ọjọ́ 7 ni iléeṣẹ́ tí ẹ bá kọ̀wé sí ní láti fi dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ 7 mìíràn kún un. Bí wọ́n bá kọ̀, ọjọ́ 30 lẹ ní láti gba ilé ẹjọ́ lọ. Èkìtì wa yìí ló kọ́kọ́ sọ òfin náà di ti ìpínlẹ̀ lọ́dún 2011 kan náà, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì ti sọ ní oṣù kẹrin ọdún 2025 pé ó de gbogbo ìpele ìjọba. Ẹ má béèrè fún àlàyé. Ẹ béèrè fún ẹ̀dà ìwé tó ń fi iye tí wọ́n tú sílẹ̀ àti iye tí wọ́n ná hàn, kí ẹ sì wá ìròyìn olùyẹ̀wò owó àgbà, èyí tí abala 85 ní kí wọ́n gbé síwájú ilé. Ìbéèrè àwọn olùyẹ̀wò owó nìkan ni akọ̀wé àgbà wa kì í fi bírò pupa kàn.

Ẹ kọ nọ́ńbà ìbéèrè ọmọ yín àti ọjọ́ tí ẹ sanwó sí orí lẹ́tà náà. Nígbà tí ẹ bá gbé e dé ọ́fíìsì aṣojú yín, ẹ mú ẹ̀dà kejì dání, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ “a ti gbà á” sí i, pẹ̀lú déètì àti ìbuwọ́lù ẹni tó gbà á.